Tòmátì Tó Di Elésè Àlùkò: Ìtọ́jú Ọgbà Níbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ooru Níbi Tí Ojú Ọjọ́ Kì í Dúró Sójú Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí mo ń gbé, ojú ọjọ́ ń pa àwọ̀ dà bí ọ̀gà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, oòrùn ràn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Mo kó tòmátì, elégédé àti lẹ́tọ́ọ̀sì tí mo ti ń tọ́ nínú ilé jáde sínú ọgbà, mo sì gbin ẹ̀wà sílẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni òtútù dé. Ẹ̀wà ò hù. Ewé tòmátì di elésè àlùkò, kò sì ga sí i mọ́. Ewé elégédé funfun bíi bébà láwọn ibì kan. Lẹ́tọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, ilẹ̀ mọ́ ni mo bá kùkùté nìkan. Ṣé ajílẹ̀ ni kí n dà sí wọn? Kí ló sì yẹ kí n máa ṣe nínú ọgbà báyìí tí ìgbà ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá o. Ọ̀gbìn téèyàn ti ń tọ́ látinú kóró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó máa ń dunni bó bá ń kú lójú ẹni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ṣeé ṣe kí ẹ ṣe lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú: ẹ má da ajílẹ̀ kankan sí tòmátì yẹn. Ebi kọ́ ló ń pa á. Òtútù ló mú un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ yí ewé ìsàlẹ̀ sókè, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ iṣan ewé ni àwọ̀ àlùkò náà ti kì jù, láti ibẹ̀ ló ti ń ràn lọ. Èròjà kan wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Tòmátì ò lè ṣe kó má nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá tutù, agbára gbòǹgbò kì í ká a láti fà á mọ́ra. Ó lè kún inú ilẹ̀ yín fọ́fọ́, kó sì dà bí oúnjẹ tí wọ́n gbé ka iwájú ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò ṣé là. Bí ẹ bá wá da ajílẹ̀ lé e, abọ́ kejì lẹ gbé ka iwájú rẹ̀ yẹn. Òjò á wọ́ apá kan lọ, èyí tó kù á máa ta gbòǹgbò kéékèèké bí iyọ̀ ṣe ń ta egbò.

Bí ìgbóná bá ti lọ sísàlẹ̀ 10°C, tòmátì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dàgbà mọ́. Kò kú, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná dé nǹkan bí 15°C, ọ̀mùnú tó ń yọ láàárín orí ni kí ẹ máa wò. Bí ewé tuntun yẹn bá tutù yọ̀yọ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ewé ìsàlẹ̀ lè má padà sí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ yín lọ́kàn. Mo ti rí tòmátì tó wà báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó padà so dáadáa, ó kàn pẹ́ ni. Kó tó dìgbà náà, ẹ gé ìdí ìgò ike ńlá, kí ẹ fi bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀ lọ́sàn-án kí ooru má bàa sè é, kí ẹ sì dé e padà nírọ̀lẹ́.

Púpọ̀ nínú wàhálà tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ìdí kan náà ló so wọ́n pọ̀: ọ̀sán lẹ wò, ẹ ò wo òru. Ọ̀sán a máa tan èèyàn jẹ lásìkò yìí. Afẹ́fẹ́ lè gbóná dé 22°C ní aago méjì ọ̀sán, kó já sí 4°C kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí inú ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò wà kò tíì gbàgbé òtútù tó kọjá. Ilẹ̀ kì í tètè gbóná bí afẹ́fẹ́, pàápàá ilẹ̀ tí omi rin, torí omi ń gba ooru púpọ̀ kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ amọ̀ fi máa ń pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀ oníyanrìn, tí ebè tó ga fi máa ń gbóná ṣáájú ilẹ̀ pẹrẹsẹ, torí omi tètè ń ro kúrò nínú rẹ̀, oòrùn sì ń kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ wá tẹmọ́mítà ilẹ̀ kan, èyí tó ní irin gígùn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ tì í bọ ilẹ̀, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó kà á. Èyí tí ẹ bá kà lọ́sàn-án, irọ́ ni. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Pòtétò ò ní wàhálà, 7 tàbí 8°C ti tó o. Ẹ̀wà ń fẹ́ 12°C, ó kéré tán. Ní ti tòmátì, èmi kì í gbé e jáde bí ilẹ̀ àárọ̀ ò bá tíì dé 13 sí 15. Elégédé àti kùkúḿbà, ó di 15 sókè, bó bá sì lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú wọn á túbọ̀ dùn. Bí ilẹ̀ yín bá lọ́ra jù, ẹ fi ike dúdú bò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbin nǹkan. Èmi ò fẹ́ràn kí ike wà lórí ilẹ̀ títí lọ, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀wà yín ńkọ́? Ẹ fi ìka tú ibi tí ẹ gbìn ín sí. Ó lè jẹ́ kóró tó wú lẹ bá, tó rọ̀, tí èèpo rẹ̀ ń bọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tó ń rùn díẹ̀ bí omi tí wọ́n rẹ nǹkan sí tí wọ́n gbàgbé. Ìyẹn ti jẹrà. Kóró ẹ̀wà máa ń mumi yálà ilẹ̀ gbóná tàbí ó tutù, ṣùgbọ́n bí òtútù ò bá jẹ́ kó hù, ara rẹ̀ á fọ́ nínú, adùn tó wà nínú rẹ̀ á máa jò sínú ilẹ̀, ohun tó ń mú nǹkan jẹrà àti kòkòrò á sì pé lé e lórí. Ó sì lè jẹ́ kóró tó ti yọ ẹnu funfun kékeré, tó le koránkorán, lẹ bá. Èyí ṣì wà láàyè, ẹ rọra bò ó padà. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dá ọgbà níbi olótùútù, ìlà mẹ́rin ẹ̀wà ni mo gbìn lẹ́yìn ọjọ́ oòrùn mẹ́ta. Ẹyọ mélòó kan péré ló hù. Nígbà tí mo tún un gbìn lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ilẹ̀ ti gbóná, kò lò tó ọjọ́ mẹ́wàá tó fi yọrí, ẹ̀wà kejì yìí ló sì ṣáájú so, torí pé èyí tó kọ́kọ́ hù ò gbádùn ara rẹ̀ láé. Ẹni tó gbìn lẹ́yìn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹni tó pẹ́.

Ibi tó funfun bíi bébà lára ewé elégédé, àrùn kọ́, oòrùn ló jó o. Ewé tó dàgbà lẹ́yìn gíláàsì kò tíì rí oòrùn gidi rí. Gíláàsì ń dá apá kan ìtànṣán rẹ̀ dúró, atẹ́gùn ò sì kan irú ewé bẹ́ẹ̀, nítorí náà awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ bí awọ ọmọ tuntun. Ẹ wá gbé e bọ́ sójú oòrùn lójijì, òun àti atẹ́gùn pọ̀. Kí ọ̀gbìn tó máa sùn níta, ó yẹ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ìta, ìyẹn sì ń gba ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ẹ gbé e síbi ìbòòji tí atẹ́gùn ò ti le, fún wákàtí méjì péré, kí ẹ gbé e wọlé. Ẹ máa fi wákàtí kún un lójoojúmọ́. Kó kọ́kọ́ rí oòrùn àárọ̀, kó tó wá rí ti ọ̀sán. Nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, bí òru ò bá ti lọ sísàlẹ̀ 10°C, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sùn níta lẹ́bàá ògiri. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára ewé: ó máa ń nípọn díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á kì sí i, igi rẹ̀ kò sì ní máa tẹ̀ kiri mọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ewé tó ti jó, bí ìlàjì rẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ṣì ń wá oúnjẹ fún ìdí rẹ̀.

Ẹ má sì ronú pé òtútù ti lọ tán torí pé wọ́n ní ìgbà ooru ti dé. Níbi tí ojú ọjọ́ bá ti ń yí kiri, ìrì dídì lè bẹ̀ yín wò lóru ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tó dáa. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ jáde síta, kí ẹ gbójú sókè. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ọkàn yín lè balẹ̀, ìkùukùu ni kúbùsù ilẹ̀: ó ń dá ooru tó ń gòkè padà. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀run bá mọ́ roro, tí ìràwọ̀ ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ewé kankan ò mì, tí afẹ́fẹ́ sì ti já sí 6°C kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ bo gbogbo ohun tó lẹ́gẹ́. Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ tó wà lókè ilẹ̀, níbi tó ga ju mítà kan lọ, ni àwọn oníròyìn ojú ọjọ́ ń wọ̀n. Lójú koríko, ó lè fi dígírì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè kéde 3°C, kí ìrì sì dì lórí ewé elégédé yín.

Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó sì ń ṣàn bí omi. Ó ń wá ibi tó rẹlẹ̀. Bó bá kan ògiri tàbí igi tó dí pọ̀ ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á dá adágún síbẹ̀. Bí ọgbà yín bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ẹ máa gbin àwọn tó lẹ́gẹ́ sókè, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún kábéèjì àti àlùbọ́sà. Ẹsẹ̀ ògiri tí oòrùn ti ń kàn látàárọ̀ dáa fún tòmátì, torí ògiri náà á máa tú ooru tó ti gbà sílẹ̀ lóru.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun tí wọ́n ń tà fún bíbo ọ̀gbìn lè yọ yín nínú nǹkan bí dígírì méjì, tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po méjì á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀ ni kí ẹ ti bò ó, nígbà tí ooru ṣì wà nínú ilẹ̀ láti há mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ike ni ẹ ní, ẹ fi igi gbé e sókè kó má kan ewé, torí ibi tó bá ti kàn án ni òtútù ti máa gbà wọlé. Ilẹ̀ tí omi wà nínú rẹ̀ ń pa ooru mọ́ ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ, nítorí náà bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú, ẹ bomi rin ín lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ká aṣọ kúrò. Pòtétò tó ti yọ orí kò nílò aṣọ, ẹ fi ọkọ́ wọ́ ilẹ̀ bo orí rẹ̀. Bí ìrì dídì bá tilẹ̀ jó o, á tún hù láti abẹ́. Tòmátì àti elégédé kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ yẹn. Mo ti pàdánù elégédé mẹ́jọ lóru ọjọ́ kan rí torí pé ó ti rẹ̀ mí, aṣọ sì wà lókè àjà. Ní àárọ̀, wọ́n ti dúdú, wọ́n rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ewé tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ ebè ni aṣọ máa ń wà títí ìgbà ooru á fi jinlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tọ́ọ̀sì ló wá kù. Ìgbín aláìníkarahun ló jẹ ẹ́, ẹ wo ilẹ̀ tó yí kùkùté ká láàárọ̀, ẹ ó rí ipa ikun tó ń dán bí fàdákà. Ojú ọjọ́ tó rọ̀, tó sì tutù, tó ń ṣe ibi fún ẹ̀wà yín, àsè ló jẹ́ fún tiwọn. Ọ̀nà tó dá mi lójú jù lọ ni pé kí ẹ jáde ní wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, pàápàá lálẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti agolo tí omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má yára rìn. Ẹ tan iná sí abẹ́ ewé, sí etí pákó ebè, sí ẹ̀yìn ìkòkò. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n na ara wọn gbọọrọ, ìwo mẹ́rin lórí, àwọn méjì tó gùn ń wá ọ̀nà kiri, àwọn méjì tó kúrú ń tọ́ ilẹ̀ wò. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ohun tí mo kó ju ogójì lọ nínú ọgbà tí kò tóbi. Ní alẹ́ karùn-ún, wọn ò tó mẹ́wàá mọ́. Ẹni tó bá fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gbìn rẹ̀ á rí ààyè dàgbà kọjá ibi tí wọ́n ti lè fi òru kan jẹ ẹ́ tán, ìyẹn ni gbogbo ohun tí à ń wá.

Bí ẹ ò bá lè jáde lálẹ́, ẹ dojú pákó kan tàbí èèpo èso ńlá dé ilẹ̀. Wọ́n á sá sábẹ́ rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, ẹ ó sì bá wọn níbẹ̀ láàárọ̀. Èèpo ẹyin tí wọ́n rún tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo dán an wò fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ń gùn ún kọjá, àgàgà bó bá ti rin. Àwọn aràn tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń pò mọ́ omi kí wọ́n tó wọ́n ọn sílẹ̀. Wọ́n ń wọ inú ìgbín lọ pa á lábẹ́ ilẹ̀. Ìyẹn dáa púpọ̀, bí ilẹ̀ bá ti ju 5°C lọ tó sì rin, agbára rẹ̀ á wà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó bá sì jẹ́ oògùn oníhóró lẹ fẹ́ lò, èyí tí wọ́n fi iron phosphate ṣe ni kí ẹ rà. Ẹ fọ́n ọn ká láìkì, ẹ má kó o jọ gègèrè. Ẹ fi àkèré àti kòkòrò dúdú tó ń sáré lábẹ́ òkúta sílẹ̀ o. Ẹgbẹ́ yín ni wọ́n, ìgbín ni wọ́n ń jẹ lóru nígbà tí ẹ bá ń sùn.

Kí lẹ́tọ́ọ̀sì tuntun sì tó padà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó dàgbà nínú ìkòkò títí á fi ní ewé mẹ́fà tàbí méje tó le. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ewé méjì àti èyí tó ti gbó díẹ̀ pọ̀ lójú ìgbín.

Ọ̀rọ̀ omi. Níbi tí òjò ti ń wá tó ń lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé òjò ti bá wọn bomi rin ọgbà. Òjò tó pa yín lórí lè má wọ ilẹ̀ ju ìbú èékánná lọ. Ewé tó ti gbòòrò á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, atẹ́gùn á sì gbé ìyókù. Ẹ ti ìka yín bọ ilẹ̀ tó oríkèé méjì: bó bá gbẹ níbẹ̀, kò sí òjò tó rọ̀ lójú gbòǹgbò. Òjò tó ga ní mìlímítà kan, lítà omi kan péré ni lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ nǹkan bí lítà 20 sí 25 lẹ́ẹ̀kan náà kí omi tó rin wọlé dé ibi tí gbòǹgbò wà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bomi rin, ẹ ṣe é kó jinlẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sàn ju wíwọ́n ọn wàràwàrà lójoojúmọ́ lọ, torí èyí ń kọ́ gbòǹgbò láti máa gbé òkè. Àwọn ọmọ ọ̀gbìn tuntun àti ohun tó wà nínú ìkòkò nìkan ni mo yọ sílẹ̀, wọ́n lè máa fẹ́ ẹ lójoojúmọ́. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, ìdí ọ̀gbìn ni kí ẹ da omi sí. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ti la títì fún ìgbín nìyẹn, ewé á sì sùn nínú omi.

Fífi koríko gbígbẹ tàbí ewé jíjẹrà bo ilẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é báyìí. Ẹ dúró kí ilẹ̀ kọ́kọ́ gbóná, kí òjò tó dáa sì ti rọ̀ sí i. Ohun tí ẹ bá bá nínú ilẹ̀ ni ẹ máa há mọ́bẹ̀: bó bá tutù, òtútù lẹ há mọ́lẹ̀, bó bá gbẹ, ọ̀dá ni. Nígbà tó bá tó àsìkò, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kó sì jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi kí ibẹ̀ má bàa jẹrà.

Àwọn nǹkan tó kù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Koríko, ọjọ́ gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni kí ẹ fi ọkọ́ ha ojú ilẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì rí bí okùn. Oòrùn á pa wọ́n kó tó dalẹ́. Kárọ́ọ̀tì tó dí, ẹ fà á yọ ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, kí ẹ sì kó èyí tí ẹ fà kúrò pátápátá, torí eṣinṣin kárọ́ọ̀tì ń gbọ́ òórùn ewé tó fọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Kábéèjì ń fẹ́ àwọ̀n lórí rẹ̀ kí labalábá funfun tó yé ẹyin sí i. Bí ẹ bá rí àwọn kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé tó ṣù mọ́ ọ̀mùnú, ẹ fi omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára fọ̀ wọ́n kúrò, kí ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má tètè mú oògùn, torí ọmọ kòkòrò pupa olámì-dúdú tó ń jẹ wọ́n ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúdú, ó sì ní àmì ọsàn lára, kò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa á ṣìnà. Àlùbọ́sà tàbí beetroot tó bá ń yọ igi òdòdó lójijì, òtútù ìbẹ̀rẹ̀ ló tàn án jẹ, ó rò pé ìgbà òtútù kan ti kọjá lórí òun. Ẹ fà á, kí ẹ jẹ ẹ́, kò ní padà sẹ́yìn. Igi òdòdó tó tanná ní ìgbà ìrúwé, báyìí ni kí ẹ gé e lọ́wọ́, lójú ẹsẹ̀ tí òdòdó bá ti rẹ̀, torí ẹ̀ka tó bá yọ nígbà ooru yìí ló máa gbé òdòdó ọdún tó ń bọ̀. Bí igi ápù bá sì ń ju ọmọ kéékèèké sílẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dín ẹrù rẹ̀ kù. Lẹ́yìn tó bá ti jù tán, ẹ yọ ìyókù kí ẹyọ kan wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sí èkejì.

Àrùn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ láti ìsinsìnyí, torí tòmátì àti pòtétò ló ń kọ lù, ojú ọjọ́ yín sì bá a lára mu: Phytophthora infestans. Òun ló ba pòtétò jẹ́ ní Ireland láti 1845. Ilé ìwádìí James Hutton Institute ní Scotland gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó rọrùn láti fi ṣọ́ ọ: ọjọ́ méjì léraléra tí ìgbóná ò lọ sísàlẹ̀ 10°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì wà ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Bí irú ọjọ́ méjì bẹ́ẹ̀ bá kọjá, ẹ máa yẹ ewé wò láràárọ̀. Àmì rẹ̀ ni ojú àpá aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń tóbi láti etí ewé, tí ibi tó yí i ká nísàlẹ̀ ewé sì ní ohun funfun bí òwú. Ẹ gé irú ewé bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e kúrò nínú ọgbà. Ohun tí ẹ lè ṣe ṣáájú kò ju kí tòmátì jìnnà síra wọn tó kí atẹ́gùn máa gba àárín wọn kọjá, kí ẹ yọ ewé tó ń fara kan ilẹ̀, kí ẹ sì já èhù tó ń yọ láàárín igi àti ewé nígbà tó ṣì kúrú ju ìka lọ, bó bá jẹ́ irú tó ń ga. Irú tó máa ń kúrú, tó sì ń ṣù bí igbó kékeré, ẹ má já tirẹ̀. Ajílẹ̀ tí ẹ ń béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà tí èso àkọ́kọ́ bá tó hóró ẹ̀wà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lo èyí tó ní èròjà tó ń jẹ́ pòtáṣíọ́ọ̀mù púpọ̀.

Ẹ̀wà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ wá ìkòkò kéékèèké tó jinlẹ̀, kóró kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, kí ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú ilé níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láìtún da omi sí i títí á fi yọrí. Bí àwọn ewé gidi méjì bá ti là, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde wákàtí méjì, mẹ́ta. Nígbà tó bá fi máa mọ ìta tán, ẹ ti ka tẹmọ́mítà yín fún àárọ̀ bíi mélòó kan. Bí ó bá ti ń wà ní 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbìn ín sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, kí ẹ sì gbé tọ́ọ̀ṣì dání lálẹ́ ọjọ́ náà.